Great Circle Mapper: ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà Èkó sí Bàhíà

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni mò ń tà, ní Òpébì, Ìkejà. Nínú gbogbo ohun tí mò ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi láràárọ̀, ìkànnì kan wà tí n kì í san kọ́bọ̀ fún, tí kì í béèrè orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù mi, síbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju àwọn tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù lọ. Great Circle Mapper lorúkọ rẹ̀, gcmap.com ni ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karl L. Swartz ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ kọ pápákọ̀ òfurufú méjì sí i, á fa ìlà láàárín wọn lórí àwòrán ayé, á sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Àwọn kan ń yìn ín pé ó yára. Èmi ń yìn ín pé òótọ́ ló ń sọ, òótọ́ yẹn ló sì jẹ́ kí èmi àti àwọn oníbàárà mi mọ ibi tí owó àti àkókò wọn ń gbà lọ.

Ọ̀nà Bàhíà, ìpínlẹ̀ Brazil tí Salvador jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí òun ló máa ń kún ọwọ́ mi bí ọdún bá ti ń parí lọ títí wọ oṣù kejì. Àwọn tó ń ta aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọṣẹ dúdú máa ń wá. Àwọn babaláwo àti olórìṣà tí wọ́n fìwé pè máa ń wá. Àwọn mìíràn fẹ́ débẹ̀ kí ọjọ́ kejì oṣù kejì tó pé, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sójú òkun ní Rio Vermelho, àdúgbò kan ní Salvador. Àwọn ọmọ Àgùdà náà wà níbẹ̀, àwọn tí ìdílé wọn wà ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó (Lagos Island), tí baba ńlá wọn ti Bàhíà dé, tí wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ kọ́kọ́ wọlé: "Àǹtí, wákàtí mélòó ni?"

N kì í dáhùn kíá. Màá kọ́kọ́ yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn.

Bí a ṣe ń lò ó rèé. Pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta tirẹ̀, àwọn lẹ́tà tí ẹ máa ń rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti lórí bébà tí wọ́n ń so mọ́ àpótí ẹrù. Ti Murtala Muhammed ní Ìkejà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1979, ni LOS. Ti Salvador ni SSA. Ti Heathrow ni LHR. Ẹ fi àmì ìdè so méjì pọ̀, bíi LOS-SSA, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi kọ́mà pín wọn. Máìlì ni wọ́n fi ń kà á bí ẹ kò bá yí i padà, ẹ yàn kìlómítà.

Oníbàárà mi kan, màmá tó ń kó aṣọ òkè láti Ìṣẹ́yìn lọ tà ní Salvador, ló jẹ́ kí n mọ bí ìlà yẹn ṣe lè gbé èèyàn dìde lórí àga. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo ọ̀nà tó yá jù. Orúnkún mi kò gba ìjókòó pípẹ́ mọ́." Mo kọ LOS-SSA. Ìlà pupa jáde láti Èkó, ó gba ojú òkun lọ, ó balẹ̀ sí Salvador: nǹkan bí 5,090 kìlómítà. Mo fi LOS-LHR kún un: nǹkan bí 5,000. Màmá fi ìka tẹ̀lé ìlà kìn-ín-ní, wọ́n fi tẹ̀lé èkejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún tẹjú mọ́ ọn.

"London tí ọmọ mi wà yìí? Tí wọ́n ń fi wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ dé?"

"Òun náà ni, mà."

"Kí ló wá dé tí mo fi ń sùn sójú ọ̀nà kí n tó dé Bàhíà?"

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò tó Èkó sí Ìbàdàn. Mo ti tẹ́tí sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ Brazil bí ẹni pé òdìkejì ayé ni, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ London bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹ̀rọ yìí kò bá wọn jiyàn, ó kàn fi hàn wọ́n. Ó tún ní ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹ lè ní kó fa òbìrìkìtì yí Èkó ká. Ẹ kọ 5100km@LOS, ẹ ó rí i pé London àti Salvador jọ bọ́ sínú òbìrìkìtì kan náà, ọ̀kan ní àríwá, èkejì ní ìwọ̀ oòrùn. Recife, tó wà lókè Salvador ní etí òkun Brazil, tilẹ̀ sún mọ́ wa ju Paris lọ: bíi 4,540 sí bíi 4,720. Salvador fúnra rẹ̀ sún mọ́ Èkó ju bó ṣe sún mọ́ Lisbon lọ, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan. Láyé ọkọ̀ ojú omi, àwọn oníṣòwò Èkó àti Bàhíà mọ èyí dáadáa. Obì, epo, aṣọ òkè àti ọṣẹ dúdú ń ti ibí lọ, sìgá àti tábà ń ti ibẹ̀ bọ̀. Martiniano do Bonfim, babaláwo ńlá Bàhíà, wá kàwé ní Èkó ní ọdún 1875, ó sì pẹ́ níbí kó tó padà lọ sílé ní 1886. 

Ọsàn kan àti òwú ìránṣọ ni mo fi ń ṣàlàyé ìlà náà fún àwọn tó bá ń yà lẹ́nu pé kò tọ́. Ẹ fi báírò sàmì sí ojú méjì lára ọsàn, ẹ na òwú láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ fà á kó le. Òwú náà á fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tó kúrú jù. Bí ẹ bá wá bó èèpo ọsàn yẹn, tí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí àwòrán ayé tó wà lára ògiri ilé ìwé, ọ̀nà tó tọ́ yẹn á dà bí èyí tó tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ sí Atlanta fi máa ń bi mí pé kí ni ọkọ̀ ń wá lórí aginjù, ṣebí ìwọ̀ oòrùn ni Amẹ́ríkà wà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2007 ni Delta ti ń fò tààrà láàárín Èkó àti Atlanta, bíi 9,400 kìlómítà. Ẹ kọ LOS-ATL, ẹ ó rí i pé ìlà náà kọ́kọ́ doríkọ àríwá ìwọ̀ oòrùn, ó gba apá Mali àti Mauritania kó tó bọ́ sójú òkun. Ọkọ̀ kò ṣìnà. Ọ̀nà tó kúrú jù ló ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè màmá. Èsì rẹ̀ wà nínú ìlà kẹta tí mo fà fún wọn: LOS-ADD-GRU-SSA. Èkó sí Addis Ababa, Addis sí Guarulhos ní São Paulo, São Paulo sí Salvador. Ẹ̀rọ náà máa ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ bíi 3,900 kìlómítà, ìkejì bíi 9,900, ìkẹta bíi 1,450. Ó ju 15,000 lọ. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà ni! Ohun tó sì máa ń dun àwọn èèyàn jù ni ìlà àárín yẹn. Ẹni tó gbéra ní Ìkejà á kọ́kọ́ fò lọ sí ìlà oòrùn, á sùn ní Addis tàbí kó jókòó pẹ́ níbẹ̀, á wá tún gba orí Kóńgò padà bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fi máa dé ọ̀gangan Èkó lẹ́ẹ̀kejì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lójú òkun, ó ti fò ju 8,000 kìlómítà lọ, Bàhíà ṣì wà níwájú. Orí àwòrán yìí ni mo ti rí i, kò sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó máa kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì.

N kò sọ èyí láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu Addis. Ethiopian Airlines, tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, ló ń gbé àwa èèyàn Áfíríkà kiri Áfíríkà. Nígbà tí Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí São Paulo ní oṣù keje ọdún 2013, Lomé ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, ẹ mọ̀ pé Lomé kò jìnnà sí wa. Láti Lomé sí São Paulo kò ju bíi 6,140 kìlómítà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò tààrà láti Addis, ilẹ̀kùn tó wà nítòsí wa sì tì. Bẹ́ẹ̀ Addis kò rọrùn fún ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn: pápákọ̀ Bole wà lórí òkè tó ju 2,300 mítà lọ sókè òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọkọ̀ tó kún fún epo àti èrò kì í rọrùn gbé níbẹ̀ bíi ti etí òkun. Ìdí rèé tí ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà fi máa ń balẹ̀ sójú ọ̀nà láti gba epo, tó sì lè fò tààrà bó bá ń bọ̀ wálé. Ìkejà kò ga tó 50 mítà sókè òkun.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Air France ti ń fò láti Paris sí Salvador. Ẹ kọ LOS-CDG-SSA: bíi 12,700 kìlómítà, ẹsẹ̀ méjì péré, kò sí São Paulo láàárín. Lórí àwòrán, ó dára ju ti Addis lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìlà kò lè fi hàn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ ní físà ìkọjá kó tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, bí kò tilẹ̀ ní jáde síta rárá. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Paris nítorí pé ó kúrú, Ìkejà ni wọ́n ti máa dá a padà. Mo máa ń sọ èyí kí n tó sọ iye owó.

Wákàtí wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìkànnì yìí kì í ṣe bí ẹni pé òun mọ̀ ọ́n, mo sì gba tirẹ̀ lórí ìyẹn. Jíjìnnà lohun tó lè búra lé lórí, torí pápákọ̀ kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Àkókò ìrìnàjò wà lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù, lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ àwọn tó ń tò ọkọ̀ sórí ilẹ̀, àti lọ́wọ́ iye wákàtí tí ẹ ó fi dúró kí ọkọ̀ kejì tó gbéra. Àwọn ìkànnì kan wà tó máa ń pín kìlómítà sí eré ọkọ̀, tí wọ́n á sì kọ èsì rẹ̀ gàdàgbà bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró de ẹ. Oníbàárà mi kan tẹ Èkó àti Salvador sí ọ̀kan nínú wọn, ó rí wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá bá mi pẹ̀lú ìbínú pé mo ń fi ọkọ̀ tààrà pamọ́ fún òun nítorí èrè. Ọkọ̀ tààrà tí kò sí! Mo jókòó tì í, mo fi bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà hàn án títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹni tó bá kọ wákàtí sílẹ̀ láì sọ pé kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà náà ti ṣi aráàlú lọ́nà, n kò lè rí orúkọ tó dẹ̀ ju ìyẹn lọ fún un.

Ìṣirò tí èmi ń ṣe rọrùn, ẹ lè ṣe é lórí fóònù. Ẹ pín kìlómítà sí 850, kí ẹ fi ìdajì wákàtí lé e nítorí gbígbéra àti bíbalẹ̀. London: ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Addis: bíi márùn-ún. Addis sí São Paulo: bíi méjìlá. São Paulo sí Salvador: ó lé díẹ̀ ní méjì. Ẹ rí i pé wákàtí mọ́kàndínlógún ni màmá wa yóò fi jókòó sínú ọkọ̀ nìkan, a kò tíì ka ìdúró kankan. Bí ọkọ̀ tààrà bá wà, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ti ẹ̀fúùfù kún un. Lókè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá ayé, ẹ̀fúùfù líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Èkó sí Atlanta máa ń lé ní wákàtí méjìlá, Atlanta sí Èkó máa ń tó bíi mọ́kànlá, ọ̀nà kan náà sì ni. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ọkọ̀ British Airways kan ti New York dé London láàárín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56, torí ìjì ń tì í láti ẹ̀yìn. Lójoojúmọ́, ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà ó lé. Ọ̀nà Bàhíà kò ní wàhálà yẹn púpọ̀, torí àárín ayé tí a wà yìí, ẹ̀fúùfù òkè rẹ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ti ìjọba ló máa ń bá èèyàn lójijì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti òfurufú orílẹ̀-èdè wọn pa, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ní láti yí i po, àwọn ìrìnàjò kan sì gùn sí i. Ẹ lọ wo ibi tí LOS-LHR gbà lórí àwòrán, ẹ ó rí i bó ṣe ń kan igun Niger. Láti ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti òfurufú tirẹ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù, Finnair tó ń fi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti Helsinki dé Tokyo ń lo nǹkan bí mẹ́tàlá. Ìlà HEL-NRT lórí gcmap kò yí padà, kò sì yẹ kó yí padà. Ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ méjì wà. Àwọn èèyàn ló gbé ògiri sí àárín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè fẹ́ mọ èyí tó gùn jù lọ láyé. Singapore sí JFK ní New York ni, bíi 15,350 kìlómítà, Singapore Airlines ló ń fò ó, ó sì máa ń lé ní wákàtí méjìdínlógún láì balẹ̀ rárá. Mo fi í síbẹ̀ kí ẹ lè wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìnàjò Èkó sí Bàhíà tó gba Addis: gígùn kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́! Ẹni tó ń lọ bá ẹbí rẹ̀ ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì ń fò tó ẹni tó ń lọ sí ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ayé sí tirẹ̀.

Mo ti dé Salvador fúnra mi. Ẹ bá jáde ní pápákọ̀ wọn, ẹ ó gba abẹ́ igi ọparun tó ti tẹ̀ pàdé ara wọn lókè títì. Ní Rio Vermelho, obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó gbòòrò, tó so gèlè, ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo pupa tó ń hó. Ó la àkàrà náà láàárín, ó fi edé àti ọbẹ̀ sí i, ó nà án sí mi. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ tán, tó rántí pé ìlú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Èkó ju London lọ, tí ọkọ̀ kankan kò sì so wọ́n pọ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ọkọ̀ wà tó lè fò ó láì gba epo lọ́nà. Àwọn Boeing 787 àti Airbus A330 ń fò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Èrò àti ìfẹ́ ìjọba méjèèjì ló kù. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbìyànjú rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, màá tà á bí ẹni ta búrẹ́dì.

Nípa ẹ̀rọ náà, àwọn nǹkan tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lò ó: èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéré lójú fóònù, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń dùn ún lò. Kò ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ kankan ń gba ọ̀nà tí ẹ kọ sí i. Ẹ lè so Ìbàdàn mọ́ Havana, á fa ìlà náà fún yín láì janpata. Ẹni tó fẹ́ mọ aago tí ọkọ̀ ń gbéra, orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni kó lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí Àbújá kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, àwọn ajẹ́ńtì bíi tèmi, kí wọ́n ṣí i lónìí. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un fún ohun tó ní òun ń ṣe, n kò sì yọ ọ̀kan nítorí ohun tí kò ṣèlérí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Addis tán, ẹ fi èyí sọ́kàn nípa Guarulhos. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ́kọ́ wọ Brazil, nítorí náà ibẹ̀ lẹ ó ti gba òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà, ẹ ó gba ẹrù yín sílẹ̀, ẹ ó gbé e kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, kí ẹ tó tún fà á kalẹ̀ fún ọkọ̀ Salvador, bí wọ́n tilẹ̀ ti lẹ SSA mọ́ ọn láti Ìkejà. Àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò wà níbẹ̀, ẹni tó bá kó obì, orógbó tàbí ewé dání, kó béèrè òfin wọn kó tó di ẹrù. Aago São Paulo àti Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, ẹ yí ti ọwọ́ yín padà nínú ọkọ̀ kí ẹ má baà ka àkókò ọkọ̀ kejì sódì. Bí ajẹ́ńtì yín bá fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì tó fi wákàtí kan àtààbọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èyí, ẹ ní kó bá yín wá èyí tó ní mẹ́rin.